Community college kì í ṣe ilé ìwé olódo o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa

Lóde ìnáwó kan níbí ní Houston ní Sátidé tó kọjá, wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri lọ́wọ́ ni mọ́mì kan tó jókòó sídìí tábìlì wa bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé yunifásítì wo lọmọ ẹ̀ wọlé sí. Obìnrin yẹn ní community college ni, ilé ìwé ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn háískúùlù. Ojú mọ́mì yẹn kàn rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan obìnrin náà léjìká, wọ́n ní "Kò burú, Ọlọ́run á ṣe é, ẹlòmíì ò tiẹ̀ rí ìyẹn lọ." Bí ẹni tó ń kí èèyàn kú àmúmọ́ra ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìyá ọmọ ò fèsì, ó kàn ń fi ṣíbí tú ìrẹsì iwájú ẹ̀ kiri, ó sì dùn mí gan-an torí ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan ìtìjú kankan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé community college nibi tí wọ́n ń kó àwọn tí ìwé ò wọ̀ lórí sí, pé ilé ìwé kékeré kan tó dá wà ní kọ̀rọ̀ ni, pé sẹ́tífíkéètì ẹ̀ ò lè kọjá àdúgbò. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Nílé, a rí bí wọ́n ṣe ń fi HND sẹ́yìn BSc, a mọ ẹni tó parí poli, tó mọṣẹ́ dénú, tí wọ́n ṣì ní kó dúró lẹ́yìn ẹni tí ò mọ̀ tó o, ojú yẹn la gbé wọ ọkọ̀ òfurufú wá síbí. Ṣùgbọ́n nǹkan tibí yàtọ̀, ibi tó sì ti yàtọ̀ jù ni pé kò sí èyí tó dá wà nínú àwọn community college yìí. Wọ́n lé ní 1,000 káàkiri Amẹ́ríkà, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, Joliet ní Illinois, wà láti 1901, wọ́n sì ti so kọ́ra wọn lọ́nà tí ọ̀pọ̀ òbí wa ò mọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àgbègbè wa níbí. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba òpópónà 225 lóru, tó kọjá Pasadena àti Deer Park, ti rí iná àwọn iléeṣẹ́ epo yẹn, bí ìlú ńlá ló ṣe ń tàn, páìpù lórí páìpù. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ó lé sẹ́yìn, gáàsì pọ̀ yanturu, owó ẹ̀ wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ilé wọn lójú, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń fẹ̀yìn tì lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n wá èèyàn tì. Community college mẹ́sàn-án ló pawọ́ pọ̀ nígbà yẹn: Lee College ní Baytown ló ṣíwájú, San Jacinto, Houston Community College, Lone Star, Alvin, Brazosport, College of the Mainland, Galveston àti Wharton County Junior College tẹ̀ lé e. ExxonMobil gbówó sílẹ̀, orúkọ ètò náà sì ni Community College Petrochemical Initiative. Ilé ìwé mẹ́sàn-án tó yẹ kí wọ́n máa du akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni wọ́n jókòó pọ̀ o, tí wọ́n jọ ń polówó iṣẹ́ yìí fáwọn ọmọ háískúùlù, tí wọ́n jọ ń ronú bí wọ́n ṣe máa kọ́ wẹ́dà, àwọn oníná, àwọn tó ń so páìpù àtàwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní process operator.

Àbúrò ìyàwó mi ṣe process technology, kọ́ọ̀sì àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ yẹn. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kí ẹbí wá wo ohun táwọn ń ṣe. Ẹ̀rọ kan wà níta tó dà bíi pé èèyàn sọ iléeṣẹ́ ńlá di kékeré, tánkì, pọ́ǹpù, páìpù tó ń lọ tó ń bọ̀. Olùkọ́ wọn, bàbá kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo kó tó wá ń kọ́ni, fún un ní ìwé tí wọ́n ya gbogbo ẹ̀ sí, ó ní kó tọ páìpù kan láti orí dé ìdí, kó fọwọ́ kan valve kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n fi ń ṣí páìpù tí wọ́n fi ń tì í, kó sì pe nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ síta. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá yẹn ò pariwo, ó kàn ní kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé valve kan téèyàn bá ṣèèṣì ṣí níléeṣẹ́ gidi lè gbẹ̀mí ẹni tó dúró lódìkejì. Nígbà tó fi máa parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀wù ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ wá sọ fún mi pé olódo ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ohun tí wọ́n sì kọ́ ọ yẹn, ilé ìwé ẹ̀ nìkan kọ́ ló jókòó ronú ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní NAPTA, àwọn college àtàwọn iléeṣẹ́ ló jọ wà níbẹ̀, àwọn ló jọ ń fẹnu kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́ọ̀sì náà. Texas tún ní ìwé ńlá kan fún gbogbo kọ́ọ̀sì iṣẹ́ ọwọ́, Workforce Education Course Manual, kóòdù kan náà ni gbogbo college ìjọba ń lò. Tí ẹ bá rí PTAC 1302 ní Baytown, ohun tẹ́ ẹ máa rí ní Lone Star náà nìyẹn. Àwọn kọ́ọ̀sì ìwé lásán náà ní tiwọn, bíi ENGL 1301: 1 tó ṣáájú ń sọ pé ti ọdún kìíní ni, 3 tó tẹ̀ lé e ń sọ pé kírẹ́díìtì mẹ́ta ni. Ẹni tó bá sì parí kírẹ́díìtì 42 tí wọ́n ń pè ní core, àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀, ní community college, tó wá lọ sí yunifásítì ìjọba ní Texas, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, òfin ni. Báwo la ṣe wá ń sọ pé kò kọjá àdúgbò?

Ti nọ́ọ̀sì ló tiẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu jù, torí àwa Yorùbá kún inú iṣẹ́ yẹn fọ́fọ́. Ẹni tó ṣe Associate Degree in Nursing ní community college àti ẹni tó ṣe BSN, dìgírì nọ́ọ̀sì, ní yunifásítì ńlá, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, NCLEX-RN, ìwé àṣẹ RN (registered nurse) kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbà. Òótọ́ ni pé àwọn ọsibítù kan fẹ́ BSN, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti di RN á máa ṣiṣẹ́ á máa gbowó, á sì máa ṣe BSN lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mélòó nínú àwọn àǹtí wa ló gba ọ̀nà yẹn tí wọ́n fi kọ́lé sílé? Àwọn gan-an tún wà lára àwọn tó ń sọ fọ́mọ pé kó má lọ.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti náwó sí i. Láàárín 2011 sí 2018, wọ́n ṣe ètò kan tó ń jẹ́ TAACCCT, owó ẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù 2 dọ́là, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì lọ fáwọn college tó para pọ̀ béèrè fún un. Àdéhùn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi owó yìí ṣe, ìwé o, fídíò o, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́lòmíì rí i lò lọ́fẹ̀ẹ́, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Olùkọ́ poli kan nÍbàdàn lè fi kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àwa tá a máa ń fi ìwé pamọ́ fún ara wa, ẹ wo ìyẹn ná.

Àti pé láti 2023 ni Texas ti yí òfin padà, House Bill 8, owó ìjọba wá ń tẹ̀ lé iye àwọn tó gba sẹ́tífíkéètì tó wúlò tàbí tó kọjá sí yunifásítì, kì í tún ṣe iye ọmọ tó kàn jókòó sí kíláàsì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé wọ́n kàn ń gbowó ọmọ kiri, kó lọ wádìí dáadáa.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti ṣọ́ra wà o. Associate of Applied Science, AAS, iṣẹ́ ni wọ́n dìídì ṣe é fún, gbogbo kírẹ́díìtì ẹ̀ kọ́ ni yunifásítì máa gbà. Tọ́mọ bá ní lọ́kàn pé òun ṣì ń lọ sí yunifásítì, kó tètè sọ fún advisor ẹ̀, ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó dárúkọ yunifásítì tó ń lọ, kó sì gba ìwé kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó pàdánù odidi ọdún kan nítorí pé kò béèrè.

Mo pe ìyá ọmọ yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó ní iṣẹ́ oníná lọmọ náà fẹ́ kọ́, láti kékeré ló ti ń tú rédíò wọn palẹ̀, òun kàn ń tijú láti sọ ọ́ síta níbi ìnáwó yẹn ni. Ọjọ́ Tọ́sìdé ni wọ́n máa lọ rí advisor.