Súfèé La Gomera kì í ṣe àmì lásán

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé èdè súfèé tí wọ́n ń lò ní La Gomera, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary ní Spéìn, kò ní ọ̀rọ̀ nínú, pé ó dà bí igbe ẹyẹ, àti pé àwọn arúgbó díẹ̀ nìkan ló kù tó gbọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Èdè Spéìn gan-an ni wọ́n ń fi súfèé sọ. Ẹni tó ń sú u á ti ìka bọ ẹnu, á fi ọwọ́ kejì darí ohùn sọdá àfonífojì. Gbólóhùn tó bá wù ú ló lè fi ránṣẹ́. Ìró súfèé méjì ló dúró fún fáwẹ̀lì márùn-ún, mẹ́rin fún àwọn kọ́ńsónáǹtì. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń jọra létí, ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni olùgbọ́ fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Dùndún tiwa náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ló gbára lé.

Lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun nígbà kan. Ṣùgbọ́n láti 1999 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ilé ìwé níbẹ̀. Ẹ wo àkójọ àṣà ìbílẹ̀ UNESCO ti ọdún 2009, ẹ wá "Silbo Gomero", orúkọ tí wọ́n ń pe èdè súfèé yìí.