Ojú tó ṣàdédé di aláwọ̀ eérú: kì í ṣe kataráàtì

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí ojú ẹnìkan bá ṣàdédé di aláwọ̀ eérú, kataráàtì (kùrukùru tó ń bo dígí inú ojú) ni, kó máa kán oyin sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀: àìsàn ojú mìíràn wà tó ń ṣí àwọ̀ ojú lójijì.

Ẹ̀yìn ihò dúdú tó wà láàárín ojú ni kataráàtì ń wà, díẹ̀díẹ̀ ló sì sábà máa ń wá. Òrùka aláwọ̀ tó yí ihò náà ká ni àìsàn yìí ń mú. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí lójijì, lójú méjèèjì, ojú á pọ́n, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ni ẹni náà lára. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Oríṣi méjì ló wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí. Bó bá jẹ́ iwájú òrùka ló ṣí, ó sábà máa ń rọlẹ̀, àwọ̀ náà tiẹ̀ lè padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ihò àárín lè fẹ̀ kó má fẹ́ súnkì mọ́, ìfúnpá inú ojú lè ga, kó sì di gìlókómà, àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́ tó sì lè fọ́ni lójú. Èyí ni kò gba ìfi-oyin-ṣeré. (Oyin ilé kò yẹ kó kan ojú rárá.)

Àwọn dókítà ti rí i lẹ́yìn àìsàn tó jọ ọ̀fìnkìn, àti lára àwọn tó lo moxifloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ lò.

Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú ojú búlúù kò sí nínú èyí o.

Ẹ fi fọ́tò àtijọ́ wé ojú náà, kẹ́ ẹ wá lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn LAUTECH. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo òrùka náà, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ojú.