Sanskrit kọ́ ló bí èdè Lituéníà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti gbilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ló bí èdè Lituéníà, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, àti pé látìgbà náà nǹkan kan ò yẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Sūnus ni ọmọkùnrin ní Lituéníà, sūnuḥ ni Sanskrit ń pè é. Duktė ni ọmọbìnrin, duhitā ni ti Sanskrit. Àní arákùnrin ọkọ, tí wọ́n ń pè ní dieveris, ó jọ devar ti Sanskrit.

Òótọ́ ni pé wọ́n jọra. Ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà máa ń jọra, kò sì sí èyí tó bí èkejì nínú wọn. William Jones, adájọ́ ará Bìrìtéènì tó tún jẹ́ onímọ̀ èdè, ti sọ ọ́ ní Kòlkátà ní Íńdíà lọ́dún 1786 pé ó jọ pé orísun kan náà ni Sanskrit, Gíríìkì àti Látìn ti wá, orísun tó ṣeé ṣe kó má sí mọ́. Inú ẹbí yẹn náà ni èdè Lituéníà àti ti Látfíà, aládùúgbò rẹ̀, wà.

Ti pé nǹkan kan ò yẹ̀ yẹn ló dùn mí jù, torí ó ń gba ìtàn àwọn èèyàn yìí lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo baba. Pitā ni Sanskrit, pater ni Látìn. Tėvas ni Lituéníà, tēvs ni Látfíà: ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ti sọ nù pátápátá, ó sì jọ pé ẹnu ọmọdé ni wọ́n ti mú èyí tó rọ́pò rẹ̀. Brolis, ìyẹn arákùnrin ní Lituéníà, orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n gé kúrú ni. Broterėlis ṣì wà tó ń fi bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn. Moteris wá látinú ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ìyá tẹ́lẹ̀, àmọ́ obìnrin ló ń jẹ́ báyìí.

Ti Látfíà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dēls ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin, látinú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọmú mímu, bíi filius ti Látìn. Māsa ni arábìnrin. Ìbátan rẹ̀ ní Lituéníà, moša, arábìnrin ọkọ ni. Meita, ọmọbìnrin, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì tó jọba lé wọn lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti yá a. Àwa tí à ń pe ẹ̀gbọ́n wa ní bùrọ̀dá àti àǹtí, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ẹ tún rékọjá òkun lọ sí Fínlándì. Èdè wọn kò sí nínú ẹbí yìí rárá, síbẹ̀ tytär ni ọmọbìnrin wọn, sisar ni arábìnrin, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá Lituéníà àti Látfíà ni wọ́n sì ti yá méjèèjì láyé àtijọ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí tó jọra nìkan tó láti fi mọ ìyá èdè, a jẹ́ pé Sanskrit ló bí èdè Fínlándì náà nìyẹn.