Èsì wa sí Tíṣà tó ní ayédèrú ni lẹ́ńsì wa

Òkun o, Tíṣà. A rí ohun tí ẹ kọ, a dúpẹ́.

Ẹ ní ayédèrú ni lẹ́ńsì ọlọ́wọ́ mẹ́fà tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kàbà, pé ó ń dorí lẹ́tà kodò, àwọn ọmọ kò sì rí àwòrán rẹ̀ gbà sórí bébà. Ẹ kò wá kọ ọ́ pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà bẹ̀ yín kí ẹ dúró kó dán wọn wò níṣojú yín. Ẹ ní mọ́tò Ìsánlú ti fẹ́ gbéra.

Ìdánwò ọ̀hún rèé, kí ẹlòmíràn tó fẹ́ rà lè mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró nínú yàrá, ẹ kọ lẹ́ńsì sí fèrèsé, ẹ fi bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa sún bébà náà títí igi òde yóò fi hàn kedere lórí rẹ̀, tòun ti orí kodò. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo lẹ́ńsì sí bébà. Tiwa jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà. Ohunkóhun tó bá jìnnà sí lẹ́ńsì ju 10 yẹn lọ, á dorí rẹ̀ kodò. Ẹ gbé e sókè ìwé ní 15, kí ẹ fa ojú sẹ́yìn dáadáa: lẹ́tà "e" á dorí kodò. Ẹ wá sún un mọ́ ìwé dé 8: "e" yẹn á dìde dúró, á tóbi ní ìlọ́po 5.

Àwòrán ti 8 yìí gan-an ni bébà kò lè gbà láéláé. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde lára lẹ́ńsì ń ya kúrò lára wọn ni, wọn kò pàdé níbì kankan. Ojú ẹni ló ń tọ ipa wọn padà sẹ́yìn, tó fi dà bíi pé lẹ́tà náà wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà sí lẹ́ńsì, lápá ibi tí ìwé wà. Ẹ gbé bébà síbẹ̀, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Virtual image tí ẹ fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn, Tíṣà. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo kíláàsì rí i, ẹ fi kámẹ́rà fóònù síbi tí ojú ń wà. Lẹ́ńsì tirẹ̀ á kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ.

Maikirosíkóòpù tí ẹ tún fẹ̀sùn kàn náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ ń gbé àwòrán tó dorí kodò sínú ọ̀pá, èyí tí à ń fojú sí wá ń mú un tóbi láì yí i padà. Ìdí nìyẹn tí sílàídì, gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń gbé ohun tí a fẹ́ wò lé, tí ẹ tì sọ́tùn-ún fi ń lọ sósì.

Ọ̀kan nínú lẹ́ńsì mẹ́fà náà tí etí rẹ̀ bó, ẹ̀bi wa ni. Ẹ fi ránṣẹ́, a ó pààrọ̀ rẹ̀, owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀ wà lọ́rùn wa. Márùn-ún yòókù, ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n ná. Èyí tí kò bá fún yín ní 10, ẹ dá a padà, a ó san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì tí yóò gbé àwòrán sórí bébà níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí, a kò tà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè tà á fún yín.