Dírìlì tó ń ṣiṣẹ́ lè pa èèyàn

Bí mo bá ní kí wọ́n gbé irinṣẹ́ oníná wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Kí lẹ fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀? Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́." Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura gan-an nìyẹn.

Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì dírìlì tó ní ara onírin. Wáyà mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀. Méjì ló ń yí mọ́tò: ọ̀kan ń gbé iná wọlé, èkejì ń dá a padà. Ẹ̀kẹta, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tí à ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, kò bá wọn dá sí iṣẹ́ kankan. Ó kàn so mọ́ irin ara dírìlì náà, ó ń retí ọjọ́ tí wáyà iná bá bó nínú tó sì kan irin. Lọ́jọ́ náà, òun ló máa gbé iná yẹn lọ sílẹ̀ tí fíúùsì á fi já. Tó bá ti gé láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ńkọ́? Dírìlì á ṣì máa yí, agbára rẹ̀ ò ní dín rárá. Ọjọ́ tí iná bá wá kan irin, ara ẹni tó dì í mú ni yóò gbà dé ilẹ̀. Dírìlì tó ti kú ò bà mí lẹ́rù. Ta ló fẹ́ fi lu ògiri?

Àwọn kan á ní bréékà wà. Kí wáyà má baà gbóná jóná ni wọ́n ṣe ṣe bréékà. 30 mA (ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún áńpù kan) tó bá gba àyà kọjá lè da ọkàn rú, bẹ́ẹ̀ bréékà áńpù 16 ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. RCD oní-30 mA, ẹ̀rọ tó ń pa iná bí iná bá ń jò lọ sílẹ̀, ló ń mọ̀ ọ́n, òun náà sì lè kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi fi bọ́tìnnì ìdánwò sí i nìyẹn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́.

Ojú la fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, ojú náà ló sì ń rí èyí tó pọ̀ jù: wáyà tí wọ́n fi téèpù dì, pọ́lọ́ọ̀gì tó ti sán. Lẹ́yìn náà la óò wọn ẹ́ẹ̀tì láti pọ́lọ́ọ̀gì dé ara irin. Ẹ máa mi wáyà náà bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n o, torí fọ́nrán kan ṣoṣo tó kù lè fún yín ní èsì tó dára. Ìgbà náà la óò wá fi fóòtì 500 dán ike ara wáyà wò; bó ṣe ń dènà iná tó kò gbọ́dọ̀ kéré sí mílíọ̀nù kan óòmù. Irinṣẹ́ tí wọ́n ya igun mẹ́rin sínú igun mẹ́rin sí lára, àmì pé ìdábòbò rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, kì í ní ẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, ẹ má wá a. Mílíọ̀nù méjì óòmù là ń retí níbẹ̀.

Bébà "ó ti yege" tí a lẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tí a lẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń sọ. Bí dírìlì náà bá já bọ́ láti orí àkàbà lọ́la, bébà ò ní mọ̀.