Irọ́ ni pé ohun tó o bá ń rò ló máa wá bá ẹ

Ẹ gbọ́ ná, jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ la ti gbà á gbọ́, èmi gan-an gbà á gbọ́ fún ọdún mélòó kan. Wọ́n ní ìrònú èèyàn dà bíi mágínẹ́ẹ̀tì, tó o bá ń ro owó, owó á wá, tó o bá ń ro ẹni tó máa fẹ́ ẹ, ẹni yẹn á yọjú, tó o bá wá lọ ro àìsàn, o ti pè é wálé nìyẹn. Kó o ṣáà ti dijú, kó o rí i bíi pé ó ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, kó o sì máa dúpẹ́. (Ẹni tó bá sì ti fi mágínẹ́ẹ̀tì méjì ṣeré rí mọ̀ pé ojú tó bá jọra kì í lẹ̀ mọ́ra, ṣe ni wọ́n máa ń ti ara wọn dànù.)

Ọ̀rẹ́ mi kan ló jẹ́ kí n kọ ọ́. Ó fọwọ́ kan kókó kan lọ́mú ẹ̀, ó sọ fún ẹni tó ń kọ́ wọn lọ́rọ̀ ẹ̀mí, ẹni yẹn ní kó má dárúkọ ẹ̀, kó má tiẹ̀ rò ó rárá, torí ohun téèyàn bá ń dárúkọ ló ń pè. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi ń ro rere tó ń sọ rere kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Ibo ni mo ti jẹ́ kí ẹ̀rù wọlé sí mi lára?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tí ara ń ni, ó tún wá ń jẹ́jọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wádìí ẹ̀ o. Lọ́dún 2007 oníwádìí kan tó ń jẹ́ James Coyne àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àbájáde jáde lórí èèyàn 1,093 tí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ń bá jà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ máa pẹ́ láyé ju ẹni tí ìbànújẹ́ bá. Wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé inú dídùn ò dáa, ó dáa fúnra ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tó bá sì ń sunkún kọ́ ló ń pa ara ẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wá kò jìnnà. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Phineas Quimby, aago ló ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Maine, ọdún 1866 ló kú. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn pé èrò tí kò tọ̀nà ló ń fa àìsàn, tí èrò bá ti yí, ara á yá. Àwọn kan sọ pé ara àwọn yá lóòótọ́, kò sì yà mí lẹ́nu, torí láyé ìgbà yẹn àwọn dókítà ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n ń fún un ní oògùn tí mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá sá fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lè yè ju ẹni tó gbà á lọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló wá fa ọ̀rọ̀ yìí dé orí owó àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ó dáa, ká wá gbà pé kò wo àìsàn, ṣé kò kúkú ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti ríṣẹ́ tàbí rí olólùfẹ́? Ibi tó ká mi lára jù rèé, torí ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti pàdánù àkókò. Gabriele Oettingen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, òun àti Doris Mayer ṣe ìwádìí kan ní Jámánì tó jáde lọ́dún 2002. Wọ́n bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì bí wọ́n ṣe ń fojú inú wo iṣẹ́ tí wọ́n máa rí. Nígbà tó di ọdún méjì, àwọn tó ń lá àlá dídùn jù ló kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó kéré jù, àwọn náà ni iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n kéré, tí owó oṣù wọn sì kéré. Wọ́n bi àwọn tó ń fẹ́ ẹnì kan lọ́kàn tí wọn ò tíì sọ, ẹni tó ń fojú inú rí ara ẹ̀ lọ́wọ́ olólùfẹ́ jù, òun gan-an ni kò sábà dé ibẹ̀. Wọ́n tún bi àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní oríkèé ìbàdí, bákan náà ló rí, àwọn tó ń fojú inú rí ara wọn pé wọ́n ti dìde tí wọ́n ń rìn fàlàlà ni ara wọn kò tètè mókun. Iṣẹ́, ìfẹ́, ara, gbogbo ẹ̀ pátá.

Kí ló fà á? Lọ́dún 2011 Heather Kappes àti Oettingen yìí kan náà wò ó, wọ́n rí i pé téèyàn bá ti ń fojú inú gbádùn ohun tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì tẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á lọ sílẹ̀, okun á dínkù, bíi pé ara ti gbà pé iṣẹ́ ti parí, ó wá ń sinmi. Èmi mọ ìsinmi yẹn dáadáa! Mo máa ń dìde lórí àga lẹ́yìn wákàtí kan tí mo ti ń rí ayé tuntun, inú mi á dùn, n ò sì ní pe ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Ìrètí yàtọ̀ sí èyí o. Nínú ìwádìí ọdún 2002 yẹn, ẹni tó bá gbà pé òun máa ṣe é torí ó ti ṣe irú ẹ̀ rí ló ń ṣe dáadáa jù. Ní ti àdúrà, mo ń gbà á, mi ò ní fi sílẹ̀, ẹni tó ń gbàdúrà mọ̀ pé ẹlòmíì lòun ń bẹ̀, kò sọ pé ọpọlọ òun ló ń pàṣẹ fún ayé.

Ti kí èèyàn máa sọ fún ara ẹ̀ léraléra pé "mo yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fẹ́ràn" náà, Joanne Wood dán an wò ní Kánádà lọ́dún 2009, ẹni tó ti níyì lójú ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe láǹfààní díẹ̀, ẹni tó ń fojú kéré ara ẹ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe é, ọkàn ẹ̀ tún wá bàjẹ́ sí i. Inú lọ́hùn-ún ń dá a lóhùn pé irọ́ lo ń pa.

Àmọ́ ohun tí mi ò lè dárí jì ẹ̀kọ́ yìí ni bó ṣe máa ń di ẹ̀bi ru ẹni tó ti rẹ̀. Obìnrin tí ọkọ ń lù, wọ́n á ní ohun tó wà nínú ẹ̀ ló fà á. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á ní èrò òṣì ló ń rò. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ebi ńkọ́, ìgbà wo ló ráyè ro nǹkan kan? Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti sọ irú ẹ̀ fún yín, tàbí tẹ́ ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún ara yín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ojú inú, ẹ fi wo ọ̀nà, ẹ má fi wo òpin nìkan. Lọ́dún 1999 Lien Pham àti Shelley Taylor fi èyí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, àwọn tó ń fojú inú wo ara wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń ṣí ìwé, ló kàwé jù tí wọ́n sì gba máàkì tó dáa ju àwọn tó ń rí máàkì ńlá lójú inú. Kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé kí ló wà nínú mi tó máa dí mi lọ́wọ́, tó bá yọjú kí ni máa ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń gba ìtọ́jú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí lálẹ́, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, ó sì sọ ọ́ síta gbangba, kò ní kí n jọ̀ọ́ n má gbọ́. Mo kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ lórí fóònù títí oorun fi gbé e lọ.