Ìbò ọdún 1976 kọ́ ló pa òfin alágbàṣe oko ní California

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ pé Proposition 14, àbá òfin lórí alágbàṣe oko tí aráàlú dìbò lé lórí, fìdí rẹmi ní California lóṣù Kọkànlá ọdún 1976 ló gbà pé ọjọ́ yẹn ni aráàlú fi ìbò gba ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe oko. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dún 1935, wọ́n yọ alágbàṣe oko sílẹ̀. Ẹni tó ń to mọ́tò lábẹ́ òrùlé ní ààbò, ẹni tó ń já àjàrà nínú oòrùn kò ní. Ogójì ọdún gbáko! Ọdún 1975 ni California, nígbà Gómìnà Jerry Brown, tó ṣòfin tirẹ̀, tí wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣètò ìdìbò bòńkẹ́lẹ́ lóko, kí àwọn alágbàṣe lè fi yan ẹgbẹ́ tó wù wọ́n. Àwọn alágbàṣe tú yáyá jáde. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, ìdìbò lé ní 400, owó ìgbìmọ̀ sì tán lóṣù Kejì ọdún 1976. Ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó mìíràn; àwọn tó wà lẹ́yìn olóko kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ dúró.

Ohun tó bí Proposition 14 nìyẹn. United Farm Workers, ẹgbẹ́ alágbàṣe oko tí César Chávez ṣe olórí rẹ̀, gba ìbuwọ́lùwé tó lé ní 700,000, kí aráàlú lè fọwọ́ ara wọn ṣe òfin náà, kí aṣòfin má lè fi ọ̀rọ̀ owó dí i lọ́nà mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìbò tó pé, àwọn aṣòfin ti fún ìgbìmọ̀ lówó.

Àríyànjiyàn wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ olóko. Ìlànà ìgbìmọ̀, tí àbá náà fẹ́ sọ di òfin, gba aṣojú ẹgbẹ́ láyè láti wọ oko fún wákàtí kan kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan nígbà oúnjẹ ọ̀sán, wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó ń bá ìkórè kiri, tó ń sùn sí àgọ́ olóko, ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n ti rí i bá sọ̀rọ̀? Harry Kubo, àgbẹ̀ ọmọ ìran Japan tí ìjọba kó tòun ti ìdílé rẹ̀ sí àgọ́ ìhámọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, jáde nínú ìpolówó tó tako àbá náà pé òun ò ní jẹ́ kí wọ́n tún fi ẹ̀tọ́ òun dù òun. Ìyà tó jẹ ẹ́ kì í ṣe irọ́, ó sì ká mi lára. Síbẹ̀, àbá náà kò ní kó pàdánù oko rẹ̀.

Nǹkan bí 62 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló kọ̀ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, òfin 1975 ṣì wà níbẹ̀. Ìlànà wákàtí mẹ́ta náà, tí ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ti dìbò lé lọ, wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ 6 sí 3, sọ nínú ẹjọ́ Cedar Point Nursery pé ìjọba ò lè fún ẹgbẹ́ nírú àyè bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìsan owó. Òfin 1975 fúnra rẹ̀ kò bá a lọ. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.